Bi Màmá Tíṣà: Eré Wo La Fẹ́ Ṣe Nílé Lọ́jọ́ Kérésì?

Ọyẹ́ ò tíì fẹ́ dáadáa tí lẹ́tà yín ti kún orí tábìlì mi. Ọ̀rọ̀ aṣọ Kérésì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó adìẹ náà wà níbẹ̀, àmọ́ ti eré ló pọ̀ jù lọ́dún yìí: kí ni ká jọ ṣe nínú ilé lẹ́yìn tí a bá ti jẹ ìrẹsì tán? Inú mi dùn sí i. Kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì níbí ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti kó ogójì ọmọ jókòó rí lọ́jọ́ tí tẹ́ẹ̀mù ń parí, tí tíṣà pàápàá ò rántí ìwé mọ́, kò sí ẹbí tó lè dẹ́rù bà á. Mo mú mélòó kan nínú àwọn lẹ́tà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá rí tiyín, ẹ má bínú, ẹ yẹ ti ẹlòmíràn wò, ilé ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Tíṣà. Ilé wa ni gbogbo ẹbí ọkọ mi máa ń kóra jọ sí lọ́jọ́ Kérésì. Bí wọ́n bá ti jẹun tán báyìí, kálukú á fa fóònù yọ, ilé á pa lọ́lọ́. Ìyá ọkọ mi ò lè dìde rìn púpọ̀ nítorí orúnkún, àbíkẹ́yìn wa sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣé eré kan wà tí àwọn méjèèjì lè jọ ṣe? Jíjó yí àga po ni a máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. (Ìyàwó ilé, Bódìjà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ó wà, ọmọ mi. Jíjó yí àga po, ẹ gbé e lọ síta. Nínú pálọ̀, ẹni tó sanra ló máa ń borí, ọmọdé ló sì máa ń forí gbá tábìlì. Eré ìdì ni kí ẹ ṣe.

Wá ẹ̀bùn kékeré kan: bísíkíìtì, ìbọ̀sẹ̀ tuntun, tàbí kúlà omi tí ọmọ lè gbé lọ sílé ìwé. Fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e. Gbé tọ́ọ̀fì kan lé e lórí, fi ìwé mìíràn wé e. Tún gbé tọ́ọ̀fì lé e, tún wé e, títí ìdì náà á fi tó orí àgbàlagbà. Ka iye ènìyàn tó máa jókòó, kí o sì jẹ́ kí ìwé tí o wé fi méjì tàbí mẹ́ta jù wọ́n lọ. Má lo sẹ́lòtéèpù o. Ẹ̀kọ tútù díẹ̀ létí ìwé ti tó láti lẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló máa já a, bó bá sì di pé bàbá rẹ̀ ń wá ọ̀bẹ kiri láti fi gé téèpù fún un, eré ti bàjẹ́ nìyẹn.

Gbogbo yín á jókòó yí ká, àgbà lórí àga, ọmọdé lórí ẹní. Bí orin bá ti ń lọ, ìdì á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Bí orin bá dákẹ́, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á já ìwé kan ṣoṣo, á mú tọ́ọ̀fì tirẹ̀. Ẹni tó bá já èyí tó kẹ́yìn ló ni ẹ̀bùn.

Ibi tí ìyá ọkọ rẹ ti wọlé nìyí. Má fi rédíò kọrin náà. Gbé agolo mílíìkì ńlá àti ṣíbí lé wọn lọ́wọ́, kí o yí àga wọn kọjú sí ògiri. Àwọn ni onílù, àwọn náà ni olórin, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n á dáwọ́ dúró. Ìjọba lo gbé lé wọn lọ́wọ́ yẹn. Ìyá tó ti ń tòògbé láti aago méjì, wàá rí i bí ojú wọn á ṣe là kedere. Wọn ò rí ẹni tí ìdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n ṣe ojúsàájú. Àmọ́ ìyá àgbà ò ṣeé tàn o. Mo ti rí èyí tó kọ etí sílẹ̀, tó ń dúró de ẹ̀rín ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó tó gbé ṣíbí sílẹ̀. Iná ìjọba ò sì kan eré yìí. Bí wọ́n bá mú un, ẹ tan làǹtánà, kí ìlù máa lọ.

Bí o bá fẹ́ kó dùn sí i, kọ iṣẹ́ ránpẹ́ sínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ké bí àkùkọ. Dọ̀bálẹ̀ kí ẹni tó kéré jù nínú ilé. Sọ oríkì rẹ: Àjàní ni ọ́ ni, àbí Àkànní, àbí Àṣàkẹ́? Ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀ á dìde lọ bá ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n fún un ní ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni iṣẹ́ tó ń dójú ti ènìyàn. Má ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àbúrò ọkọ rẹ obìnrin wá sọ ọdún tó máa mú ọkọ wálé. Mo mọ̀ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ níbí lọ́jọ́ 25 Oṣù Kejìlá, inú ilé la máa ń há sí láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọmọ mi méjèèjì gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, wọn ò lè sọ ọ́. Eré ilé wa wo ni wọ́n lè bá mi ṣe? Ti àwọn òyìnbó ti sú mi. (Ìyá ọmọ méjì)

ÌDÁHÙN: Má jẹ́ kó sú ọ tán, a ṣì máa fi ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣé o mọ kírákà tí ẹ máa ń fà nídìí tábìlì yẹn, tó ń dún páù, tí fìlà bébà ń jábọ́ láti inú rẹ̀? Ọkùnrin kan tó ń ta súwíìtì ní Lọ́ńdọ̀nù yín níbẹ̀, Tom Smith, ló gbé e jáde ní àwọn ọdún 1840. Ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ ò pa mí lẹ́rìn-ín rí. Ṣùgbọ́n wo ìwé kékeré tí wọ́n kọ ẹ̀fẹ̀ náà sí: ìbéèrè lókè, ìdáhùn nísàlẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ nìyẹn, kí ló kù? Ra ti òfìfo tí ènìyàn ń kì fúnra rẹ̀, kí o fi àlọ́ tiwa sínú rẹ̀.

Nítorí pé wọn ò gbọ́ èdè náà tán, gbé tíréè kan sáàárín tábìlì, kó àwọn ìdáhùn sórí rẹ̀. Fi ọmọrogùn sí i. Fi ẹ̀wà olójú dúdú ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Fi àwọn nǹkan tí kò jẹ mọ́ ọn náà sí i: kọ́kọ́rọ́, àlùbọ́sà, ìbọ̀sẹ̀ bàbá wọn. Ẹni tó fa kírákà á ka àlọ́ tirẹ̀, tàbí kí o bá a kà á, á sì fọwọ́ mú ìdáhùn. Ẹ má gbàgbé "Ààlọ́ o!" àti "Ààlọ̀!" kí wọ́n tó kà á. Ìyẹn nìkan ti tó eré fún ọmọ kékeré.

"Òkun ń hó yeè, ọ̀sà ń hó yeè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, gbé ìkòkò omi kaná, kí wọ́n wò ó bó ti ń hó, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í da èlùbọ́ sí i. Wọ́n á mú ọmọrogùn fún ọ láìjẹ́ pé o sọ ọ̀rọ̀ kan. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ̀wà ni. Fi tìróò hàn wọ́n nínú báàgì rẹ, kí wọ́n wo ojú dúdú tó wà lára ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà kí o wá ju èyí tó le sí wọn: "Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dÓyọ̀ọ́." Wọ́n á yẹ tíréè wò títí, wọn ò ní rí i, nítorí ahọ́n ni, ẹnu wọn ló wà. Jẹ́ kí wọ́n wá a dáadáa kí o tó yọ tìrẹ síta.

Ẹ̀wà tẹ́ ẹ lò yẹn, ẹ má tíì sè é. Ka 48 sọ́tọ̀. Gbé páálí ẹyin ẹlẹ́yin mẹ́fà méjì, to ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ihò méjìlá ti délẹ̀: ọpọ́n ayò nìyẹn. (Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, páálí ẹyin ọgbọ̀n ni kí ẹ gé. Ìlà márùn-ún tó ní ihò mẹ́fà mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, ẹ gé ìlà méjì yọ, òun ni kí ẹ fi ṣe ọpọ́n.) Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ihò mẹ́fà fún ẹnìkan. Ẹni tó kàn á kó ihò kan ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, á máa gbìn ín lọ́kọ̀ọ̀kan sápá ọ̀tún, títí tó fi máa yí bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ihò ẹnìkejì, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Bí ihò tó ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ọ̀tá náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló borí. Ẹ má ṣe ebi pa ẹnìkejì: bí ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti ṣófo, ẹ gbọ́dọ̀ ta ayò tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó bá wà.

Kí bàbá wọn máa ti ilé ìdáná bọ̀, kó sì kí wọn: "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Ẹni tó ń borí á dáhùn: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn." Kọ́ wọn ní ìyẹn kí o tó kọ́ wọn ní bí a ṣe ń jẹ ayò. Kò sí ọmọ tí kò fẹ́ràn kí òfin fún òun láyè láti pa ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà, mo kí yín o. Ẹni ọdún 68 ni mí. Ọmọ bàbá kan náà ni èmi àti àwọn àbúrò mi, lọ́dọọdún la máa ń ta Whot lálẹ́ Kérésì, lọ́dọọdún la sì máa ń jà sí i. Èyí tó ti Èkó wá ní bí wọ́n bá fi 2 lu òun, òun lè fi 2 mìíràn lé e kúrò lọ́rùn. Èyí tó ti Iléṣà wá ní irọ́ ni, kó lọ mú méjì. Ta ló jàre? (Bàbá àgbà, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọdún o. Àwọn méjèèjì jàre, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń wá. Káàdì 54 ló wà nínú páálí Whot, kò sì sí ẹni tó ń jà nítorí 20, nítorí gbogbo ilé ló gbà pé ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ lè béèrè àmì tó wù ú. Bákan náà ni 14: jẹ́nẹ́rà máákẹ́ẹ̀tì ni, gbogbo àwọn tó kù ni yóò mú káàdì kọ̀ọ̀kan. Orí 2 àti 5 ni ilé ti ń yàtọ̀ sí ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó gbàgbé láti ké "láàsì káàdì". Ilé kan á ní kó mú méjì, ilé kejì á ní kó máa lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó pín káàdì, ẹ já ìwé kan láti inú ìwé ọmọ ilé ìwé, kí ẹ kọ òfin tiyín sí i. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà ni kí ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ tún òfin ṣe, kó dúró di Kérésì tó ń bọ̀. Kí ẹ sì fi ọmọ kan kún ẹgbẹ́ àgbà kọ̀ọ̀kan, ọmọ ni kó máa di káàdì mú. Ó ṣòro fún ènìyàn láti bú àbúrò rẹ̀ nígbà tí ọmọ àbúrò náà jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá yín bá ti wọ inú Whot, ẹ̀gbọ́n, ẹ kó káàdì sínú páálí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀, mà. Ọmọ ọdún 15 ni mí, Òṣogbo ni mo wà. Gbogbo eré tí wọ́n ń ṣe nílé wa, ti ọmọdé ni. Ṣé ó burú bí mo bá jókòó ti fóònù mi? (Ọmọbìnrin SS2)

ÌDÁHÙN: Kò burú rárá. Mo ní iṣẹ́ fún fóònù náà.

Bí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kọ̀wé sí gbogbo ẹbí tí kò ní lè wá lórí WhatsApp: ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kánádà, àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́sibítù, bàbá kékeré tó wà ní Kánò. Ní kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ. Gbólóhùn kan náà ni kí gbogbo wọn sọ o, torí bí kálukú bá sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á tú wọn fó. Fún àpẹẹrẹ: "Ta ló jẹ itan adìẹ mi?" Kí wọ́n yí ohùn padà, kí ọkùnrin sọ ọ́ bí obìnrin, kí àgbà sọ ọ́ bí ọmọdé. Lọ́jọ́ náà, so fóònù mọ́ sípíkà, kí o máa fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ilé máa pe orúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dá ohùn mọ̀ gba máàkì kan. Fi ohùn ẹnìkan tó jókòó sínú pálọ̀ yẹn gan-an kún un, kó jẹ́ ẹni tí wọn ò ní fura sí. Bàbá rẹ dára fún un.

Bí ohùn àbúrò ìyá rẹ bá jáde láti òkè òkun, ìyá rẹ lè fi etí gèlè nu ojú. Má sọ nǹkan kan, fi èyí tó kàn sí i. Ìwọ ni alága ìdúró lọ́jọ́ náà, alága kì í sì í bá àlejò sunkún.

ÌBÉÈRÈ: Màmá Tíṣà, alàgbà ni bàbá ọkọ mi nínú ìjọ. Wọ́n ní ọjọ́ ìbí Jésù kì í ṣe ọjọ́ eré, kí a jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ mi ń bẹ̀rù àtilọ kí wọn. Kí ni kí n ṣe? (Ìyàwó kékeré, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Má bá wọn jiyàn. Fi Bíbélì lé wọn lọ́wọ́, kí o sọ wọ́n di adájọ́.

Pín ilé sí ẹgbẹ́ méjì. Kí ọmọdé àti àgbà dà pọ̀ mọ́ra. Máa béèrè ìtàn Kérésì lọ́wọ́ wọn, àmọ́ kó jẹ́ àwọn ìbéèrè tí gbogbo wọn rò pé àwọn mọ̀. Àwọn amòye mélòó ló wá láti ìlà-oòrùn? Gbogbo ilé á pariwo pé mẹ́ta. Yí sí adájọ́: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka Mátíù orí kejì fún wa." Wọ́n á kà á, wọ́n á tún un kà, wọn ò ní rí mẹ́ta. Ẹ̀bùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wúrà, tùràrí àti òjíá. Mátíù ò ka àwọn tó gbé e wá. Kí ni Màríà gùn lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù? Àwọn ọmọ á ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, nítorí wọ́n ti rí i nínú eré ìjọ. Lúùkù ò dárúkọ ẹran kankan. Níbo ni àwọn amòye ti rí ọmọ náà? Ibùjẹ ẹran, àbí? Àwọn olùṣọ́-àgùntàn ló rí i níbẹ̀. Ẹsẹ kọkànlá Mátíù orí kejì ní inú ilé ni àwọn amòye wọ̀. Ní báyìí, bàbá ti bọ́ ìgò ojú, wọ́n ti tún un wọ̀, àwọn fúnra wọn ló ń ṣí ìwé kiri pé àwọn fẹ́ fi ìbéèrè kan kún un.

Mú wọn wá sílé díẹ̀. Ìlú wo ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ti wàásù Kérésì lábẹ́ igi lọ́dún 1842? Àgbádárìgì, lábẹ́ igi Àgíyà. Igi náà wó ní 1959, wọ́n sì fi ohun ìrántí síbẹ̀. Ọdún wo ni Àjàyí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, ọdún wo ni odindi Bíbélì jáde ní Yorùbá? 1864 àti 1884. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan tó sì rántí pé ogún ọdún ló wà láàárín wọn ti mọ méjèèjì.

Nígbà tí ẹ bá ti rẹ̀, ẹ fi orin parí rẹ̀. Kí ọmọ kan máa fi imú kùn orin Kérésì, kó má la ẹnu. Ẹni tó bá dá orin mọ̀ gba máàkì kan, ẹni tó bá sì mọ nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé orin gba mẹ́ta. Kí o tó sọ pé ó yá, alàgbà ti pe nọ́ńbà. Àwọn ọmọ rẹ á máa jà láti wà ní ẹgbẹ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin ní Kérésì kì í ṣe Kérésì bí kò bá sí bàǹgà. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. (Ìyá rẹ̀, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ọmọ, ó lòdì sófin, ọdọọdún ni ọlọ́pàá ń kìlọ̀ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, gbogbo koríko ti gbẹ, òrùlé aládùúgbò sì wà nítòsí. Màmá, ẹ ra bàlúùnù. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kálukú pẹ̀lú òwú, kí wọ́n máa wá ọ̀nà àtitẹ bàlúùnù ẹlòmíràn fọ́, kí tiwọn má fọ́. Ariwo bàǹgà náà kúkú ni. Kí wọ́n bọ́ bàtà o, ìta ni kí wọ́n sì ti ṣe é. Ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù rẹ̀ kí ọmọ tó ń rákòrò má fi sẹ́nu.

ÌBÉÈRÈ: Mùsùlùmí ni wá, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ilé wọn la ti máa ń jẹ Kérésì, àwọn náà ń wá jẹ Iléyá lọ́dọ̀ wa. Owó ni wọ́n máa ń fi ta lúdò níbẹ̀. N ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi kọ́ tẹ́tẹ́, n ò sì fẹ́ dà bí ẹni tó ń kọ oúnjẹ wọn. (Bàbá ọmọ, Ìwó)

ÌDÁHÙN: Ẹ ò ní láti sọ pé ẹ̀sìn ni. Ẹ kó nǹkan mìíràn lọ bí àlejò rere, kí ẹ ní òun ni kí a fi ta á: ẹ̀pà tí a yan, díndìn. Èmi Kìrìsìtẹ́nì náà ò fẹ́ owó nídìí lúdò, nítorí ọmọdé tó bá pàdánù igba náírà rẹ̀ á sunkún di ọjọ́ kejì ọdún, ìyá rẹ̀ á sì san án padà ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn tó dára jù tí mo mọ̀ ni pé kí ẹni tó borí kọ́kọ́ yan ẹran lálẹ́. Àwọn àgbàlagbà á ta lúdò yẹn bí ẹni tó ń du oyè.

ÌBÉÈRÈ: Gbogbo eré tí ẹ ń kọ yìí, ta ló ń ṣe é? Èmi ni mò ń se ìrẹsì, èmi ni mò ń dín ẹran, èmi ni mo ń fọ abọ́. Láti ilé ìdáná ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. (Ìyàwó àgbà, Ẹdẹ)

ÌDÁHÙN: Ìwọ ni lẹ́tà rẹ dùn mí jù, mo sì ti fi í pamọ́ sí ìkẹyìn kí n lè ráyè rẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, gbé eré lọ bá wọn láti ilé ìdáná. Bu irú sínú ife kan, táìmù sínú òmíràn, efinrin tí o ti fọwọ́ rún, kọ́rì, gàrí, ata gígún tí o fi aṣọ bò lójú kó má kó sí wọn nímú. Fi ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ sínú ife kan láti fi dẹ wọ́n. Fi gèlè di ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbóòórùn, kí wọ́n dárúkọ. Ìwọ lo jókòó lórí àga, ìwọ lo ń dájọ́. Wàá rí ọkùnrin tó ti ń jẹ ọbẹ̀ rẹ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tó máa pe efinrin ní ewúro, tó máa pe ọṣẹ ní kọ́rì. Ọmọ tó ń bá ọ wọ ilé ìdáná ló máa gbà gbogbo máàkì. Ẹ̀rín tí ìwọ máa ń gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn yẹn, ìwọ lo máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ti abọ́, wá bébà, gé e wẹ́wẹ́. Kọ "fọ abọ́" sí mẹ́ta, "nu tábìlì" sí ọ̀kan, "da ìdọ̀tí nù" sí ọ̀kan, kí o kọ "ẹ kú ọdún" sí gbogbo èyí tó kù. Kí o tó bu oúnjẹ, lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àwo, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, kí o ní kí kálukú yí àwo rẹ̀ dé. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí pàṣípààrọ̀, ọkọ tàbí àlejò. Kí àwo tìrẹ jẹ́ èyí tó yàtọ̀ láwọ̀, kí o má lọ gbé e fún ẹlòmíràn.